Bí Mo Ṣe Wá Ayálégbé fún Igbó Bàbá Mi

Ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí mo lè máa pariwo rẹ̀ bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Ẹni tó bá máa wúkọ́, kó wúkọ́ tán. Ẹni tó bá máa sùn, kó sọ fún mi, kí n má baà máa wo ojú rẹ̀ kí n rò pé ìtàn ló wọ̀ ọ́ lára. Èmi Àlàdé ọmọ Ọdẹ́lékè ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo ti rìn dé ibi tí ẹ̀yin kò lè dé àfi bí ẹ bá kú, tí mo sì padà wálé wá jẹ ẹ̀bà mi.

Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ nípa igbó mi bí mo bá kọ ẹ̀yìn. Ẹ ní igbó ọ̀lẹ ni. Ẹ ní ìtàkùn ti bò ó, ẹ̀gún ti gbà á, bóyá Àlàdé kò ní àdá nílé ni. Ẹ ṣeun. Èmi náà ti sọ irú rẹ̀ nípa igbó ẹlòmíràn rí, nígbà tí mo ti hu irùngbọ̀n ṣùgbọ́n tí n kò tíì hu ọgbọ́n.

Nígbà náà, igbó bàbá mi ni ó mọ́ jù ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Láti etí odò títí dé orí àpáta, tiwa ni, a kò bá ẹnikẹ́ni pín in. Bí ọyẹ́ bá ti dé, èmi àti bàbá mi a ti iná bọ̀ ọ́. A ní à ń lé ẹran jáde. Ọdún kìíní, ẹran jáde, a pa. Ọdún kejì, ẹran jáde, a pa. Nígbà tó di ọdún kẹwàá, eku ló ń jáde. Nígbà tó di ogún ọdún, èéfín nìkan ló ń jáde, àwa méjèèjì á sì gbé ìbọn dání, a ó máa fojú sun èéfín. Ilé ọba tó jó, wọ́n ní ẹwà ló bù sí i. Igbó tiwa jó, ó tún jó, ẹwà ń bù sí i, kò wá sí ẹ̀mí kan nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tí iná bá jẹ kù, èmi a gé e. Ìtàkùn, igi tó wó, ewé gbígbẹ, màá kó gbogbo rẹ̀ jọ, màá sun ún. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ a dúró, wọn a ní, "Àlàdé, o kú iṣẹ́, ilẹ̀ yìí mà mọ́ o." Orí mi a sì wú.

Bàbá mi wá kú. Ẹ mọ àṣà ìlú wa. Bí ọdẹ bá kú, a gbọ́dọ̀ ṣe ìpà fún un kí ó tó lè wọ àárín àwọn ọdẹ tó ti lọ. Àgbọ̀nrín ni a ó fi ṣe é, inú igbó òkú fúnra rẹ̀ ni àgbọ̀nrín náà sì gbọ́dọ̀ ti wá. Bí kò bá ti ibẹ̀ wá, ìta ni òkú yóò wà. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó tó dákẹ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àlàdé, má jẹ́ kí n sùn níta." Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo wọ igbó náà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Alángbá kan ni mo rí, òun náà sì ń wá ọ̀nà àtilọ.

Kí ni kí n ṣe? Mo gba etí títì lọ, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń so ẹran ìgbẹ́ kọ́ sórí igi fún àwọn onímọ́tò. Mo ra àgbọ̀nrín kan tí tàkúté olókùn ti pa. Mo fi ewé bò ó, mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo gbé e dé igbó bàbá mi, mo gbé e fẹ̀yìn ti igi kó lè dà bí ẹni pé ó dúró. Mo rìn ogún ìṣísẹ̀ sẹ́yìn, mo ba mọ́lẹ̀, mo yọ́ padà wá, mo sì yìnbọn fún un kí ará ìlú lè gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ máa fọ́nnu ní ìdí ẹmu. Ta ni nínú yín tó ti dọdẹ òkú rí? Mo tilẹ̀ tàsé rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo ní láti tún un yìn.

Ògúnkéyè ni Olúọdẹ wa nígbà náà. Ó fọwọ́ kan ẹran náà, ó wo ojú mi.

"Àlàdé, ẹran rẹ tutù," ó ní.

"Ìrì òwúrọ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé ìrì náà ló fi àpá okùn sí i lọ́rùn?"

Àwọn ọdẹ tó kù ti ń pọ́n ọ̀bẹ, ebi ń pa wọ́n, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìrì parí síbẹ̀. A ṣe ìpà. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ní ọmọ rere ni mo jẹ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìpà náà, mo gbé ìbọn, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn àpáta. Mo rìn títí igi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún mi, tí ọ̀nà ń gùn sí i lẹ́yìn mi, tí ó sì ń kúrú níwájú. Ẹ má bi mí bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ọ̀nà, kó lọ bá àwọn tó ń la títì. Mo ṣáà dé ibi ògiri amọ̀ gíga kan tí wọ́n fi awọ erin ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Níwájú ilẹ̀kùn náà, lórí òkúta, ni bàbá mi jókòó sí. Kò dá jókòó o. Àwọn àgbà ọdẹ bí ogójì ló tò sẹ́bàá ògiri, ọmọ ìlú wa ni gbogbo wọn. Mo mọ ojú wọn. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn ọmọ wọn jókòó síwájú mi níbí, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà mi.

Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi kò ní kí n dìde.

"O káre, Àlàdé," ó ní. "Ẹran tí o fi ránṣẹ́ dé."

"Bàbá, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Púpọ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, oníbodè kò bi èmi ní nǹkan kan. Ẹran ni ó bi. Ó ní, 'Àgbọ̀nrín, igbó ta ni wọ́n bí ọ sí?' Ẹran rẹ bá la ẹnu. Ó ní lẹ́yìn odò kẹta ni wọ́n bí òun sí, okùn ló pa òun, wọ́n gbé òun kọ́ létí títì, onírùngbọ̀n kan sì ná òun títí ìyá tó ń ta òun fi ṣépè. Ó ní lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n tún wá yìnbọn fún òun. Oníbodè rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, òun kò tíì rí ẹran tó kú lẹ́ẹ̀mejì."

Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè gbé orí. Ó wá sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọmọ mi, òtútù ń mú mi níbí. Ẹ̀bi mi sì wà nínú rẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ti iná bọ igbó. Lọ bá àwọn àgbọ̀nrín ní ìlú wọn. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá máa gbé inú igbó mi. Kí wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, kí ọmọ náà dàgbà, òun ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Òun nìkan ló lè jẹ́rìí mi níwájú oníbodè yìí."

Mo sunkún. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ọdẹ náà máa ń sunkún.

Ibi tí mo kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ìyẹn ni Ìlú Agbálẹ̀. Ẹ ò bá rí ìlú. Wọ́n ń gbá ojúlé, wọ́n ń gbá oko, wọ́n ń gbá igbó. Wọ́n ń fi aṣọ nu ara igi. Bí ewé kan bá já, ènìyàn mẹ́ta á sáré sí i. Kò sí adìẹ, kò sí ẹyẹ, kò sí eṣinṣin pàápàá. Inú mi dùn, mo ní ilé mi rèé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ irú igbó tí mo ní, ọba wọn dì mọ́ mi, ó fi mí joyè Ọ̀tún Agbálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wá gbé oúnjẹ oyè wá. Ẹran tí wọ́n fi igi gbẹ́ ni. Wọ́n ń lá a kiri láti ẹnu sí ẹnu, wọ́n ń sọ pé obìnrin tó sè é mọ ọbẹ̀ sè.

Mo ṣe ìjòyè fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ọba pe gbogbo wa jọ, ó pa àlọ́ fún wa. Ó ní, "Kí ni ó mọ́ ju ilẹ̀ wa lọ?" Àwọn ìjòyè ń wá a kiri. Òmíràn ní ojú ọ̀run ni, òmíràn ní eyín Kábíyèsí ni. Èmi tí ìfun mi ti ń lọ́ mọ́ra wọn dìde, mo ní, "Ikùn wa ni, Kábíyèsí, nítorí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀." Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ ni mo sọ. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi ìgbálẹ̀ na ọkùnrin, ohun tó sì ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò ṣe é sọ níwájú àwọn ìyàwó yín. Ìgbálẹ̀ tó bà mí lọ́jọ́ náà lé ní igba. Mo dúpẹ́ pé mo ti bí Tinúadé ọmọ mi ṣáájú ìrìn-àjò yẹn.

Bí mo ṣe ń sá kúrò níbẹ̀ ni mo pàdé Iná fúnra rẹ̀. Ó jókòó sójú ọ̀nà, ó ga tó igi àràbà, ó ń ju koríko sẹ́nu bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú. Bí ó ti rí mi, ó dìde, ó la apá.

"Àlàdé, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́," ó ní. "Ogún ọdún ni o fi bọ́ mi. Wá jẹun lọ́dọ̀ mi lónìí."

"Kí lẹ sè?"

"Ìwọ ni."

Ẹ wá wo oore. Ó ní nítorí ọ̀rẹ́ tí a jọ jẹ́, òun yóò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan, bí mo bá mọ̀ ọ́n, kí n máa lọ. "Ibo ni mo ti jẹun rí tí n kò lè padà sí lónìí?" Ẹlòmíràn ì bá máa ronú. Èmi ọmọ Ọdẹ́lékè, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí ilẹ̀ tó ti jó dúdú. N kò fi ẹnu dáhùn. Mo pa ojú dé, mo bẹ́ gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, mo balẹ̀ sórí ilẹ̀ dúdú náà, mo dúró ṣinṣin. Ó yí padà, ó na ọwọ́, kò rí koríko kan tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Irùngbọ̀n mi ti lọ, ẹ̀wù mi ku ọrùn, ṣùgbọ́n mo wà láàyè. Inú bí i. Ó wò mí lókè sódò, ó wo ilẹ̀ tí mo dúró lé, níbi tí kò sí ewé, tí kò sí kòkòrò.

"Bẹ́ẹ̀ ni igbó bàbá rẹ náà rí," ó ní. "O kú ilé."

Ewé ni mo fi bo ìdí dé ìlú àwọn àgbọ̀nrín. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n èmi kò wá pa ẹran lọ́jọ́ náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbọ̀nrín, tí ó jẹ́ àgbà wọn, jókòó láàárín. Etu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọ̀yà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó kún, Àparò náà wà níbẹ̀, kò sinmi ẹnu.

"Kí lo wá ṣe?" Ìyá Àgbọ̀nrín bi mí.

"Ìyá, ayálégbé ni mò ń wá."

Ọ̀yà rẹ́rìn-ín títí koríko fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àgbọ̀nrín kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Onílé dé. Ẹ fún onílé níjòkòó." Wọ́n gbé ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún kan wá fún mi. Mo jókòó lé e. Ta ló lè bá wọn jiyàn?

"Sọ fún wa bí ilé rẹ ṣe rí."

Mo tún ohùn ṣe. "Ó gbòòrò, ó sì mọ́ tónítóní. Ènìyàn lè dúró ní ìpẹ̀kun kan kó rí ìpẹ̀kun kejì."

"Ó mà dára o," ni Àparò wí. "Àṣá náà á lè dúró lókè kó máa wo èmi àti àwọn ọmọ mi láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Kò ní sú u."

"Koríko ńkọ́?" ni Ọ̀yà béèrè.

"Mo máa ń sun ún."

"O ṣeun. Ṣé ká máa jẹ eérú yẹn lásán ni, àbí ká máa fi epo sí i?"

Etu béèrè èso tó ń já sílẹ̀. Mo ní mo ti gé ọ̀pọ̀ igi tó ń so, nítorí èso wọn ń rà sílẹ̀, ó ń ba ilẹ̀ jẹ́. Etu kàn yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kàn lágbárí.

Ìyá Àgbọ̀nrín wá wò mí tààrà. Ó ní, "Nǹkan kan wà nínú ilẹ̀ rẹ tí o kórìíra ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọdọọdún ni o ń gé e, o ń bú u, o ń sun ún. Ohun kan náà ni èmi ń fi ẹkún wá. Kí ni?"

Mo ní ejò ni. Wọ́n ní rárá. Mo ní ikán ni. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

"Bí mo bá bímọ," ó ní, "ọmọ náà kò lè bá mi sáré fún ọjọ́ púpọ̀. Ó ń dùbúlẹ̀ ni, kò ní mira, èmi á sì jìnnà sí i kí òórùn mi má baà fi í hàn. Níbo ni yóò dùbúlẹ̀ sí nínú igbó rẹ?"

Mo ronú kan gbogbo igbó náà, láti odò dé àpáta. N kò rí ibì kan tó lè bo ọmọ àgbọ̀nrín mọ́lẹ̀. Ó yé mi. Ìtàkùn etí odò, igi tó wó, ẹ̀gún tí mo ń fi gbogbo ọyẹ́ gé.

"Ìdọ̀tí ni," mo wí.

"Ilé ni," òun náà wí.

Wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́, ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹnu Àparò kò sì jẹ́ kó tètè tán. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iná wọlé mọ́. Kí n fi etí odò sílẹ̀ kó dí pa. Ṣùgbọ́n kí n má rò pé kí n lọ sùn o, nítorí igbó tó bá dí jákèjádò kò ní koríko tútù, kí n máa ṣán ibi kéékèèké láàárín rẹ̀ kó lè rúwé tuntun. Kí n gbin igi eléso padà, ìyeyè àti òro. Kí n gbẹ́ ibi tí omi òjò á máa dúró sí. Kí ajá má wọlé ní ìgbà ìbímọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀. Mo wá kúnlẹ̀ lórí ẹ̀gún náà, mo sọ ohun tí mo wá gbà. Mo ní mo fẹ́ akọ kan nínú àwọn ọmọ tí wọn yóò bí síbẹ̀, nítorí bàbá mi ń sùn níta.

Àparò gbé orí, ó wo Ìyá Àgbọ̀nrín.

"Owó ilé tí o fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn," Ìyá Àgbọ̀nrín wí. "Ọmọ mi. Bàbá rẹ ni ó pa ìyá mi, inú èéfín ni ó ti yọ sí i." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n òtútù kò dára fún àgbà. Wàá gba akọ kan, ọ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí òun náà bá ti bímọ. Kì í ṣe okùn, kì í ṣe ajá, kì í ṣe iná. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o yìn ín. Kí o sì ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí mo bá bí i, kó lè dùn ọ́."

Mo ní mo gbà. Ó rọrùn láti gbà nígbà náà, kò sí ọmọ kankan nílẹ̀.

Àwẹ̀ró ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí mi nígbà tí mo padà dé.

"Bàbá Tinú, ẹ̀wù yín ńkọ́?"

"Iná jó o."

"Irùngbọ̀n ńkọ́?"

"Iná náà ni."

"Kí lẹ wá pa bọ̀?"

"Mo bá àwọn àgbọ̀nrín ṣe àdéhùn ilé."

"Ẹ wọlé kí ẹ jẹun," ó ní, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ro ẹ̀bá igbó náà yí ká, ó fẹ̀ tó ojú ọ̀nà mọ́tò, kí iná tiyín má baà rí ohun tí yóò jẹ wọlé. Mo gbin igi, mo gbẹ́ ihò omi, mo fi ìtàkùn sílẹ̀. Ọwọ́ mi ń yún mi bí mo bá rí ewé gbígbẹ nílẹ̀, mo ń fi ọwọ́ náà sábẹ́ apá. Ẹ̀yin wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiyín. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ a dúró, wọn a ní, "Àlàdé, ṣé ara yín le?" Olúọdẹ Ògúnkéyè wá sílé mi, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ ọdẹ wá bá mi fi iná tún un ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kan péré. Ó ní ìtìjú ni fún ẹgbẹ́. Mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọdún kìíní, Àparò dé. Ó rìn yí ká, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán wá yẹ ilé wò. Ọdún kejì, Ọ̀yà dé, Etu dé. Ní ọdún kẹta, mo rí ipasẹ̀ àgbọ̀nrín létí ihò omi, mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mo sì ń wò ó títí oòrùn fi kan àtàrí. Ní ọdún kẹrin, Ìyá Àgbọ̀nrín bímọ sínú ìtàkùn etí odò. Akọ ni. Ó dùbúlẹ̀ sínú ewé gbígbẹ, àmì funfun wà lára rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí n tó rí i. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbòò, kò mira. Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Àwẹ̀ró kò gbà gbọ́, mo mú un lọ. Nígbà tí ó rí ọmọ náà lókèèrè lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì sọ ọ́ ní Arẹ́mọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti sọ ọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti igbó dé, kì í béèrè nǹkan mìíràn. "Arẹ́mọ ńkọ́?" Arẹ́mọ ti hu ìwo. Arẹ́mọ ti ń bá akọ mìíràn jà. Arẹ́mọ ti níyàwó. Ní ọdún keje, mo wá sọ fún un pé Arẹ́mọ ti bímọ, Àwẹ̀ró kò béèrè ohunkóhun mọ́, nítorí mo ti sọ àdéhùn náà fún un. Ó wọ yàrá lọ.

Mo kọ́kọ́ lọ bá ẹgbẹ́ ọdẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ó sàn kí n mú un lọ́wọ́ lọ fúnra mi. Mo dúró láàárín wọn, mo ní ẹran tí mo fi ṣe ìpà bàbá mi, mo rà á ni. Mo retí kí wọ́n kọ haà. Kò sẹ́ni tó kọ haà. Oníkálukú ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Olúọdẹ Ògúnkéyè ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò dún bí ti olórí.

"Àlàdé, a mọ̀," ó ní. "Ta ni kò rà á nínú wa? Etí títì kan náà ni mo ti ra ti bàbá tèmi."

Mo sọ ibi tí mo ti rí bàbá rẹ̀ fún un. Àgbàlagbà náà da aṣọ bo orí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ igbó. Arẹ́mọ ń jẹ koríko tútù ní ibi tí mo ṣán fún wọn. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ wà lókèèrè díẹ̀. Ó gbé orí, ó wò mí, ó tún tẹ orí sí oúnjẹ rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni ó ti ń rí mi. Mo ti pa ẹfọ̀n, mo ti pa ìkookò, ẹ lọ bi àwọn ará Òkè Odò nípa èmi àti ẹkùn wọn. N kò sunkún nítorí ẹran kankan rí. Lọ́jọ́ náà, mo sunkún kí n tó yìn, mo sunkún lẹ́yìn tí mo yìn. Nígbà tí mo gbé orí, Ìyá Àgbọ̀nrín dúró lẹ́nu ìtàkùn, ó ń wò mí. Ó dùn mí, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ó ń dùn mí títí dòní. Ìyá Àgbọ̀nrín yí padà, ó wọ inú ìtàkùn rẹ̀ lọ, kò sì kó kúrò.

A ṣe ìpà lákọ̀tun. Lẹ́yìn ọjọ́ keje, mo fi ẹ̀yìn ti igi ìyeyè nínú igbó, oorun ọ̀sán gbé mi, mo sì tún rí ilẹ̀kùn awọ erin náà. Oníbodè bi ẹran léèrè. Arẹ́mọ dáhùn, ó ní, "Igbó Ọdẹ́lékè ni wọ́n bí mi sí, nínú ìtàkùn etí odò. Ọmọ mi sì wà níbẹ̀." Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá mi dìde, ó gbọn eruku ìdí aṣọ rẹ̀, ó wọlé. Kò kí mi. Ọkùnrin tí mo fi ọdún méje ṣe wàhálà nítorí rẹ̀, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ fún yín lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn tó kù lẹ́bàá ògiri, gbogbo wọn ló na ọrùn. Wọ́n ń wo ojú ọ̀nà tí Arẹ́mọ gbà wá, bóyá òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní n kò ní dárúkọ, mo ti yí ọkàn padà. Bàbá rẹ wà níbẹ̀, ìwọ tí o dé fìlà pupa. Tìrẹ náà wà níbẹ̀, ìwọ tí o máa ń pe igbó mi ní igbó ọ̀lẹ. Mo dúró wo ọ̀nà náà pẹ̀lú wọn fún ìgbà díẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó ń bọ̀.

Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn. Ẹ̀pà tó kù, ẹ pín in láàárín ara yín. Ọyẹ́ ti dé, mo sì mọ ibi tí ẹ ń lọ lọ́la. Ẹni tó bá ní ìṣáná lápò, kó fi sórí àga yìí kó tó dìde.